Ilé Tó Kọ Ẹ̀yìn sí Ìta: Ìtàn Agbo-ilé ní Adó àti Àárín Èkìtì

Ẹni tó bá rìn láti Ìjìgbò dé Òkèṣà ní Adó-Èkìtì lónìí yóò rí i pé títì ni gbogbo ilé kọjú sí. Fèrèsé ń wo ọkọ̀, ṣọ́ọ̀bù wà níwájú, orúkọ onílé wà lókè ẹnu ọ̀nà. Ilé tí àwọn tó tẹ ìlú náà dó ń gbé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìta ni wọ́n kọ ẹ̀yìn sí. Ògiri gígùn tí kò ní fèrèsé ni àlejò máa kọ́kọ́ rí, pẹ̀lú ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo, àti òrùlé tó wálẹ̀ débi pé èèyàn á tẹrí ba kí ó tó wọlé. Inú lọ́hùn-ún ni ojú ilé wà, níbi àgbàlá tí òrùlé yí ká, tí kò sí nǹkan láàárín òun àti ojú ọ̀run. Ohun tó bí irú ilé bẹ́ẹ̀, àti ohun tó pa á, kò ṣe é yà kúrò lára ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Èkìtì fúnra rẹ̀.

Kí Ewì, ọba Adó, tó dé, àwọn èèyàn ti wà nílẹ̀. Ìtàn ẹnu Adó kò fi èyí pamọ́. Ilésùn ni ìlú tó wà lẹ́bàá òkè Olóta, Elésùn sì ni olórí wọn. Ìtàn ààfin sọ pé Awamárọ̀, ọmọ Odùduwà, ni Ewì àkọ́kọ́. Ó tún sọ pé òun àti ẹni tó di Ọba Ìbíní jọ kúrò ní Ifẹ̀, wọ́n jọ gbé nínú igbó lápá ibẹ̀ títí ìjà fi dé láàárín wọn, Ewì wá ṣẹ́rí padà, ó dúró fúngbà díẹ̀ lẹ́bàá Àkúrẹ́, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Elésùn tó sì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Anthony Oguntuyi, àlùfáà Kátólíìkì tó kó ìtàn Adó àti ti Èkìtì jọ sínú ìwé, gbà pẹ̀lú ìtàn ààfin. Àwọn tó ń ka orúkọ ọba sẹ́yìn a máa fi ìdé Ewì sí nǹkan bí ọdún 1310. Jacob Egharevba tó kọ ìtàn Ìbíní ní 1934 gba ọ̀nà mìíràn: ó ka Èkìtì mọ́ ilẹ̀ tí Ọba Ewuare fi ogun gbà ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Lójú Adó, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni Ewì àti Ọba Ìbíní. Lójú Egharevba, ọ̀kan ṣẹ́gun, ìkejì sìn. Ìkẹ́rẹ́ tó wà nítòsí tún gbé tirẹ̀ kalẹ̀: wọ́n so ìran Ògògá, ọba ìlú náà, mọ́ Ìbíní, ṣùgbọ́n ìdílé Olúkẹ́rẹ́ ní àwọn ló ni ilẹ̀ kí Ògògá tó yọjú, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì tán títí di òní.

S. Adébánjí Akíntóyè, òpìtàn tí wọ́n bí ní Adó gan-an, ló ṣe àlàyé tó tẹ́ mi lọ́rùn jù. Ó ní abúlé kéékèèké ló kún ilẹ̀ Yorùbá kí àwọn ọmọ ọba tó dé, oníkálukú pẹ̀lú olórí, òrìṣà àti ilẹ̀ tirẹ̀. Iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ọba wá ṣe ni pé wọ́n kó abúlé wọ̀nyí jọ di ìlú kan lábẹ́ adé kan. Tí a bá gba èyí, ilé Èkìtì á yé wa. Ìlú di ọ̀kan lóòótọ́, àmọ́ abúlé kò parẹ́: ó wọ inú agbo-ilé. Agbo-ilé kọ̀ọ̀kan ṣì ní baálé rẹ̀, ibojì baba rẹ̀, ojúbọ rẹ̀ àti oko rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi kọ ẹ̀yìn sí ará ìta. Ìlú kékeré ni, ògiri ilé ni odi rẹ̀.

Ibi tí ètò ilé yìí ti wá pẹ̀lú kò ṣàìfa àríyànjiyàn. Ní 1910 ni Leo Frobenius, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tó rí ilé tí òrùlé rẹ̀ ṣí sílẹ̀ láàárín fún òjò, ilé àwọn ará Etruria àti Róòmù àtijọ́ ló rántí, ó sì fi í kún ẹ̀rí tó ní pé ìyókù àṣà Atlantis, ilẹ̀ tí òkun bò, ni àṣà Yorùbá. Òótọ́ ni pé àwọn ará Róòmù kọ́ ilé alágbàlá tí omi òjò ń kán sínú adágún kékeré láàárín, àti pé Vitruvius, ọ̀mọ̀lé wọn, kọ̀wé lé e lórí nígbà ayé Augustus, níbi tó ti ní ilé gbọ́dọ̀ lágbára, kí ó wúlò, kí ó sì rẹwà. Ṣùgbọ́n kò sí ìdí láti gba orí òkun wá ìpilẹ̀ṣẹ̀ ohun tó wà nínú ilẹ̀ wa. Peter Garlake, awalẹ̀pìtàn, wú ilẹ̀ Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1970, ní Ilẹ̀ Ọbalárá àti Wóyè Àṣírí. Ó bá ilẹ̀ tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, tí wọ́n tò ní ìlà-ìlà, ó sì kà á sí ilẹ̀ àgbàlá tí òrùlé yí ká, láti bí ọgọ́rùn-ún ọdún méje sẹ́yìn. Láti Ifẹ̀ dé Ọ̀wọ̀, Àkúrẹ́, Ìkẹ́rẹ́, Adó àti Ìbíní, gbogbo ibi tí ìtàn àwọn ọmọ ọba gbà kọjá, ilé kan náà ló wà níbẹ̀. Ẹni tó ní Ifẹ̀ ló fún Ìbíní àti ẹni tó ní Ìbíní ló mú un wọ Èkìtì lè máa bá ìjà wọn lọ. Ohun tó dá mi lójú ni pé igbó òjò àti ìdílé ńlá ló jẹ́ kí ó gbilẹ̀ níbi gbogbo tó dé.

Òjò Adó a máa kọjá mìlímítà 1,200 lọ́dún, ẹ̀fúùfù a sì máa bá a rìn. Amọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ilé, bẹ́ẹ̀ kò sí ohun tí amọ̀ bẹ̀rù tó omi. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fa etí òrùlé wálẹ̀ jìnnà sí ara ògiri, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ má baà kán sí ìdí rẹ̀. Abẹ́ etí òrùlé yẹn ni ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibi tí ìgbésí ayé ilé ti ń lọ: níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí, tí wọ́n ti ń hun aṣọ, tí àgbà ń gba àlejò, tí ọmọdé ń sùn lọ́sàn-án. Yàrá ṣókùnkùn, ó sì kéré, torí pé oorun àti ẹrù nìkan ni wọ́n ń lò ó fún. Omi tó ń dà láti orí òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń bọ́ sí àárín àgbàlá, wọ́n á gbé ìkòkò sí i, èyí tó bá ṣẹ́kù á gba ojúṣàn abẹ́ ògiri jáde. Ẹni tó bá ti pọn omi gun òkè Èkìtì rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ iyì ìkòkò òjò.

Ẹ̀ẹ̀rùn náà ni ìgbà ilé mímọ. Àwọn mọlémọlé á wa ilẹ̀ pupa nítòsí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin á fi ẹsẹ̀ pò ó, obìnrin á máa pọn omi. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìkánjú ní ń wó ògiri. Ewé gbòdògì àti imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń bo orí ilé nínú igbó Èkìtì. Bẹẹrẹ tí àwọn Ọ̀yọ́ ń lò, koríko ọ̀dàn ni. Lórí yàrá tí ohun iyebíye wà, wọ́n á to igi, wọ́n á da amọ̀ lé e, èyí ni àjà. Bí iná bá jó ewé òrùlé, àjà á gba yàrá là. Àgbàdo àti èlùbọ́ á wà lókè níbẹ̀, èéfín ààrò kò sì ní jẹ́ kí kòkòrò sún mọ́ wọn. Ọ̀wẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yìí. Ẹni tó ni ilé ń gún iyán, ó ń wá ẹmu, ó sì jẹ gbèsè iṣẹ́ tí yóò san lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá ń mọ tirẹ̀. Láìsí ọ̀wẹ̀, kò sí agbo-ilé, nítorí ewé òrùlé kì í pẹ́ jẹrà, ọwọ́ ẹnì kan kò sì lè ká ìtọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀.

Baálé ni ó ń gbé ibi tí ojú rẹ̀ ti tó ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Ọmọkùnrin tó bá gbéyàwó kì í kó jáde. Wọ́n á fa ògiri gùn, tàbí kí wọ́n mọ àgbàlá mìíràn tì í. Báyìí ni ilé ṣe ń dàgbà pẹ̀lú ẹbí, tó sì ń kéré bí ẹbí bá kéré. Bí àgbà bá kú, inú ilé ni wọ́n ń sin ín sí, lábẹ́ ilẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Ta ló máa ta irú ilé bẹ́ẹ̀? Ta ló máa rà á?

Ọgbọ́n ilé tálákà àti ilé ọba kò yàtọ̀. Iye ni ó yàtọ̀. Ará ìlú lè ní àgbàlá kan, ìjòyè a ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba a ní èyí tí àlejò kò lè ka tán. G. J. Afọlábí Òjó, tó tẹ ìwé jáde lórí ààfin Yorùbá ní 1966, kọ ọ́ pé ààfin Ọlọ́wọ̀, ọba Ọ̀wọ̀, ti ní àgbàlá tó tó ọgọ́rùn-ún rí. Lọ́dọ̀ àwọn Ọ̀yọ́, ohun mìíràn ni wọ́n fi ń mọ ipò: Samuel Johnson, òpìtàn, ṣàlàyé pé kọ̀bì, àkọ́yọ olórùlé tó ta síwájú, jẹ́ ti ọba, tí ìjòyè ńlá kò lè ní ju ọ̀kan tàbí méjì lọ, tòun ti àṣẹ. Ní Èkìtì, bí àlejò ṣe ń kọjá láti àgbàlá dé àgbàlá ni ọlá ṣe ń hàn sí i. Ẹjọ́ ìta parí ní àgbàlá àkọ́kọ́, ìgbìmọ̀ jókòó sí òmíràn, orò wà níbi tí ẹsẹ̀ àlejò kì í dé. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọba sì ni òpó gbígbẹ́ wà, tí ère obìnrin, ọmọ àti ẹlẹ́ṣin ń gbé òrùlé ró.

Ọ̀rúndún kọkàndínlógún wá dán gbogbo rẹ̀ wò. Nupe ń kógun wá láti àríwá, Ìlọrin tẹ̀ lé e. Ìbàdàn kọ́kọ́ wá bí olùgbèjà kúrò lọ́wọ́ Ìlọrin, ó wá di ọ̀gá. Láti àwọn ọdún 1850 ni ọmọ ogun Ìbàdàn ti ń la Èkìtì kọjá, tí wọ́n ń fi ajẹ́lẹ̀, aṣojú wọn, sí ìlú lẹ́yìn ìlú. Odi ilé tí mo ti sọ kò tó odi mọ́. Òrùlé ewé ni ìṣòro rẹ̀: iná kan ṣoṣo tó, adúgbò á jó tán. Àwọn ìlú tó ní òkè sá gun òkè. Níhà àríwá Èkìtì, jagunjagun kan tó ń jẹ́ Ẹ̀ṣù kó àwọn tí ogun lé kúrò nílé jọ ní nǹkan bí 1850, ó tẹ Ayédé dó, ó sì di Àta, ọba ibẹ̀. Ìran oríṣiríṣi wá fara kan ara wọn yí olórí ogun ká. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni ààbò, ẹ̀jẹ̀ kò so wọ́n. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni agbo-ilé ti kọ́kọ́ rí ìlú tí kò nílò rẹ̀.

Ìwà ipá àwọn ajẹ́lẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn wọn ló mú kí Fábùnmi ti Òkè-Ìmẹ̀sí pa ajẹ́lẹ̀ ní 1878, kí ẹgbẹ́ ogun Èkìtì Parapọ̀ sì dìde sí Ìbàdàn, tí Ògèdèǹgbé ará Iléṣà ṣíwájú ogun wọn. Ìhà méjèèjì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn ọmọ ogun tó tú ká ní ibùdó ogun náà, tí wọ́n ń pè ní Kírìjì. Àwọn ẹrú àti ìgbèkùn bẹ̀rẹ̀ sí í padà bọ̀ láti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Èkó. Àwọn mìíràn mú Bíbélì bọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti rí ilé tí kò dàbí ti baba wọn, wọ́n sì ti gbé láàárín àwọn tí kì í ṣe ẹbí wọn láìkú.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn yìí ni pé lẹ́yìn ogun náà, nígbà tí Òyìnbó ti gba àṣẹ, ni iṣẹ́ ọnà ilé Èkìtì wá ga jù lọ. Ògògá Oníjàgbo Ọbásọ̀rọ̀ Alówólódù wà lórí ìtẹ́ ní Ìkẹ́rẹ́ láti 1890 dé 1928. Láàárín 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó ń sin Àrínjalẹ̀, ọba Ìsẹ̀, gbẹ́ òpó àti ìlẹ̀kùn sí ààfin Ògògá. Lórí ìlẹ̀kùn náà, Ògògá jókòó pẹ̀lú adé. Ẹni tó ń bọ̀ wá kí i ni Captain Ambrose, aṣojú ìjọba Òyìnbó, tí àwọn aláàárù gbé sórí. Agbára ti kúrò lọ́wọ́ ọba nígbà yẹn, ó wá kù sí ara igi. Ẹ̀fọ̀n náà kò gbẹ́yìn: iná jó ààfin Aláayè, ọba ibẹ̀, ní 1912, Agbọ́nbíọ̀fẹ́, agbẹ́gilére, sì gbẹ́ òpó tuntun sí i. Ní 1924, ìlẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ lọ sí ìpàtẹ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Wembley. Mùsíọ́ọ̀mù ìjọba wọn fẹ́ rà á. Ògògá kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbà, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn dípò rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà, èyí tí Ògògá jókòó tí ìyàwó rẹ̀ àgbà dúró lẹ́yìn rẹ̀, wà ní Chicago lónìí. Àwọn tó ń wò ó níbẹ̀ ń wo ère. Òrùlé tó gbé ró, àgbàlá tó kọjú sí, kò bá a lọ.

Ohun tí Òyìnbó kò fi ogun ṣe, ọ̀nà àti òfin ṣe é. Adó di olú-ìlú ẹkùn Èkìtì ní 1913. Ọ̀nà ọkọ̀ dé, wọ́n là á gba àárín ìlú, ẹni tí ọ̀nà kan ògiri rẹ̀ sì rí i pé ìta tí ilé òun kọ ẹ̀yìn sí ti di ibi tí owó wà. Wolé-wolé ń yẹ inú ilé wò, ó ń béèrè fèrèsé, ó ń lé ewúrẹ́ kúrò ní àgbàlá. Ìjọba àti ìjọ sọ pé ibi ìsìnkú ni kí wọ́n máa sin òkú sí. Ilé tí baba kò sùn sábẹ́ rẹ̀ mọ́ kò wúwo bí ti àtẹ̀yìnwá. Ní 1933, Archdeacon Henry Dallimore dá ilé-ẹ̀kọ́ tó di Christ's School sílẹ̀ ní Adó. Ọmọ tó bá jáde níbẹ̀ ń ronú iṣẹ́ olówó oṣù, kò ronú ọ̀wẹ̀.

Kòkó ló parí rẹ̀. Owó kòkó wọ ọwọ́ ẹni tó ni oko, kò wọ ọwọ́ agbo-ilé. Ẹni tó ní owó lè ra páànù àti sìmẹ́ǹtì, kí ó sì san owó fún bíríkìlà, láì bẹ ẹnikẹ́ni lọ́wẹ̀. Páànù fúnra rẹ̀ tún ní àṣẹ tirẹ̀. Ewé ṣe é tẹ̀ yí igun òrùlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó yí àgbàlá ká, àmọ́ páànù le, ó tọ́, ibi tí òrùlé méjì bá ti pàdé sínú ni omi ti ń jò. Ilé gbọọrọ lábẹ́ òrùlé kan ló rọrùn fún un. Àwòrán irú ilé bẹ́ẹ̀ sì ti wà nílẹ̀: àwọn Àgùdà tó padà láti Bràsílì ti kọ́ ọ ní Èkó láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, pẹ̀lú ọ̀nà láàárín, yàrá lọ́tùn-ún lósì, ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ǹtì níwájú, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fún ẹni tí owó rẹ̀ bá tó. Láàárín ogójì ọdún péré, òun ló di ilé Èkìtì. Ẹ wo ọ̀nà àárín yẹn dáadáa: àgbàlá ni, tí wọ́n fún pọ̀, tí wọ́n sì fi òrùlé bò. Yàrá ṣì kọjú síra wọn, ẹbí ṣì ń kí ara wọn níbẹ̀. Ààrò bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, omi òjò bọ́ sí inú àgbá.

Ó yẹ kí n mẹ́nu ba àwọn tí ogun kó lẹ́rú kọjá òkun. John Michael Vlach, ọ̀mọ̀wé Amẹ́ríkà, kọ̀wé ní 1976 pé ilé tóóró tí yàrá rẹ̀ tò tẹ̀ lé ara wọn ní New Orleans gba Haiti wá, àti pé ìwọ̀n yàrá méjì ilé Yorùbá, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí ogún, wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ àwọn Arawak àti Faransé. Àwọn kan ń bá a jiyàn. Bó bá jẹ́ òtítọ́, yàrá ni àwọn ẹrú rí gbé lọ, wọn kò rí àgbàlá gbé, nítorí wọ́n ti fọ́n ẹbí tó ń yí i ká sí oko oríṣiríṣi.

Nílé níbí, òfin ilẹ̀ ti 1978 fi gbogbo ilẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ìwé ẹ̀rí sì di ti ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga wọ Adó ní àwọn ọdún 1980, akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá, ilé wá di ohun tí wọ́n ń kọ́ fún ayálégbé. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá 1996, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, Adó di olú-ìlú rẹ̀. Ọ̀nà tún fẹ̀, ilé àtijọ́ tún wó. Àwọn tó ń kọ́ ilé sí ẹ̀yìn ìlú nísinsìnyí ti dá fẹ́ǹsì gíga àti géètì padà: ilé tún kọ ẹ̀yìn sí ìta, ṣùgbọ́n ọkọ, aya àti ọmọ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, sìmẹ́ǹtì sì bo àgbàlá fún mọ́tò.

Kì í ṣe pé ọgbọ́n náà kò ṣe é lò mọ́. Demas Nwoko, ọ̀mọ̀lé tí àwọn ará Venice fún ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní 2023, ti fi àgbàlá òjò sí ilé ìgbàlódé, ó sì tutù láìsí ẹ̀rọ. Zbigniew Dmochowski, ọmọ Poland tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìjọba Nàìjíríà, fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn ilé ìbílẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. Ìwé mẹ́ta tó jáde ní 1990, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ni wọ́n fi lè tún ilé kọ́ bó bá wó. Ẹ̀yìn ilé búlọ́ọ̀kù púpọ̀ ní Adó, Ìkẹ́rẹ́ àti Ẹ̀fọ̀n, ògiri amọ̀ àgbàlá ṣì wà níbẹ̀, tí wọ́n ti sọ di ibi ìdáná tàbí ilé ewúrẹ́. Polítẹ́kíníìkì ìjọba àpapọ̀ wà ní Adó, ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ilé yà. Okùn ìwọ̀n, ìwé àti àṣẹ olórí ẹbí ni iṣẹ́ wíwọn àwọn ilé wọ̀nyí gbà, àwọn àgbà tó mọ yàrá tí ẹni kọ̀ọ̀kan gbé sì ṣì wà láàyè láti darí wọn. Ó yẹ kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀.